Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Méjọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́ fún yín, kó má lọ di pé ẹ̀ ń fi ẹni tí ẹ ò mọ̀ rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo Ẹdẹ, láti Òkè-Gada títí dé ojú ọ̀nà Sekona, kò sí ọmọ ogún ọdún kan tó mọ kọ̀ǹpútà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, fọ́ọ̀mù kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, àmọ́ ìwé ni mo fi sílẹ̀, mi ò fi ọpọlọ sílẹ̀. Àwọn tó kà á tán ńkọ́? Ṣebí àwọn náà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá wọn, tí wọ́n ń retí iṣẹ́ tí ìjọba sójà ò fún ẹnikẹ́ni. Èmi ti níṣẹ́ lọ́wọ́ ní tèmi, iṣẹ́ fídíò, iṣẹ́ ọlọ́pọlọ.

Síbẹ̀ náà, Sátidé kan wà tí kò tíì jáde lára mi títí di òní. Bí mo bá gbọ́ họ́ọ̀nù mọ́tò Pijó lójijì, mo ṣì máa ń fò dìde. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, etí mi wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀gá mi, Bọ̀dá Ràímì, ló ni ṣọ́ọ̀bù fídíò tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Bí èèyàn bá kú, bí wọ́n bá sọmọ lórúkọ, bí wọ́n bá ń ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tuntun, àwa la máa ń gbé kámẹ́rà lọ. Nǹkan le nígbà yẹn. Epo bẹntiróòlù di ohun tí èèyàn ń tò fún látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì òfìfo sì gbówó lórí débi pé ọ̀gá mi ò ra tuntun mọ́. Ọgbọ́n kan ló ń dá. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló ní eyín kékeré kan lẹ́yìn. Bí èèyàn bá ti ya nǹkan pàtàkì sínú ẹ̀ tán, á ṣẹ́ eyín yẹn dànù, kò sì sí ẹ̀rọ tó máa gbà láti tún ya nǹkan mìíràn lé e. Ààbò ni wọ́n ṣe é fún. Àmọ́ ọ̀wọ́n ò mọ ààbò. Ọ̀gá mi á kó kásẹ́ẹ̀tì fíìmù àtijọ́ táwọn èèyàn ti wò sú jọ, á ní kí n lẹ sẹ́lótéèpù bo ojú ihò eyín tó kán, ẹ̀rọ á sì rò pé eyín ṣì wà níbẹ̀. A ó wá ya ìsìnkú tàbí ìkómọ lé fíìmù ìjà lórí. Àràárọ̀ ni mò ń lẹ̀ ẹ́. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé mo lè lẹ ogún kásẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó mu ẹ̀kọ kọ́ọ̀bù kan tán, mi ò tiẹ̀ ní wo ohun tí mò ń lẹ̀. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ sẹ́lótéèpù yìí pamọ́ síbì kan.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún, àlòkù ni. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ti Èkó wá ni ọ̀gá mi ti rà á. Ètò kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n fi ń gé fídíò, tí wọ́n fi ń so ó pọ̀, tí wọ́n fi ń kọ orúkọ sí i lára; sọ́fúwíà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó tà á fún wa ní ó máa ń sinmi nígbà mìíràn. Ọkùnrin yẹn ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìsinmi gan-an niṣẹ́ ẹ̀, ìgbà mìíràn ló máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní kó gé, á so. Ẹ ní kó so, á dì gbagidi, àwòrán ìgò kékeré kan tí iyanrìn ń dà nínú ẹ̀ á yọ sójú ẹ̀, yóò sì máa wò yín. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe. Ẹ fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni o, ẹ fẹ́ gbá a létí ni o, ìgò iyanrìn. Ọ̀gá mi fúnra ẹ̀ máa ń kí i láàárọ̀ kó tó tàn án, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àna.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, Pijó kan dúró gbọnin níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Sójà tó ń wà á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọkùnrin kan jáde. Ó ga, ó níkùn, ó wọ aṣọ sójà. Kàmọ́rù, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiwa, dá ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, kò rán mọ́. Ẹ ò lè bá a wí. Nígbà yẹn, tí sójà bá wọ àdúgbò, kódà ẹni tí ò ṣẹ̀ á máa ronú ohun tóun ṣe.

Méjọ̀ ni, ọ̀gá láàárín àwọn sójà. Ọmọ Díákónì ni, bàbá àgbà kan tó ń dáko kòkó ní Alájùẹ tó sì jẹ́ àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Díákónì ti kú láti bí oṣù mẹ́ta, nígbà tí ọmọ ẹ̀ yìí wà lójú ogun ní Làìbéríà, wọn ò sì fún un láyè kó wá sìnkú. Àmọ́ kí Bàbá tó kú, ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá mi. Ó ní kó gbé kámẹ́rà kalẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì òun, kó tàn án, kí gbogbo èèyàn sì jáde, ìyàwó òun pẹ̀lú, torí òun fẹ́ bá àkọ́bí òun sọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀dá kan tó gbọ́ ohun tó sọ. Inú kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà, ọ̀gá mi sì ti ṣẹ́ eyín ẹ̀.

"Kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi ni mo wá gbà," ni Méjọ̀ wí. Ohùn ẹ̀ ò le bí mo ṣe rò.

Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, sà. Ó wà ńbí. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wò ó."

Méjọ̀ gbà á, ó ń yí i lọ́wọ́. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kì í ṣe àwa ló ń bá sọ̀rọ̀. "Àbúrò mi ní inú bàbá ò dùn sí mi tó fi kú, pé mi ò wá wò ó. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra ẹ̀."

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Kí Méjọ̀ gbé kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀, kó máa lọ, kí n sì máa jẹ ẹ̀pà mi. Àmọ́ ẹnu mi yìí, mi ò mọ ẹni tó rán an.

Mo ní, "Sà, ẹ má tíì gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí n fi kọ̀ǹpútà fọ ohùn Bàbá kó mọ́ gaara, kí n so ó pọ̀ mọ́ ìsìnkú wọn, kí n kọ orúkọ wọn kó máa fò kọjá lójú ọ̀run. Kò sẹ́lòmíì tó lè ṣe é ní Ẹdẹ, sà. Èmi nìkan ni."

Ọ̀gá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo fa ẹsẹ̀ mi kúrò, mo sún mọ́ Méjọ̀.

"Ìgbà wo ló máa tán?" Méjọ̀ bi mí.

"Ọ̀la, sà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."

"Ọ̀túnla ni mò ń padà."

"Aago mẹ́rin, sà. Tí mo bá kùnà, kí ẹ tì mí mọ́lé."

Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè àtìmọ́lé. Méjọ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà padà sórí tábìlì, ó ní, "Mo ti gbọ́."

Bí Pijó ṣe lọ tán, ọ̀gá mi jókòó, ó gbé ọwọ́ lérí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ ohun tó o ṣe fún mi? Èmi ni màá ṣe é fúnra mi. Ìwọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn." Àmọ́ epo jẹnẹrétọ̀ ti tán pátápátá, iná mànàmáná ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, ó lọ wá epo lọ sí Òṣogbo. Ó tún kìlọ̀ fún mi kó tó gun ọ̀kadà: "Gbálẹ̀. Lẹ sẹ́lótéèpù. Jókòó. Màá dé kí aago méjìlá tó lù."

Mo gbálẹ̀. Mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó wà lórí tábìlì. Mo ní gbogbo ẹ̀. Ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ, èmi ò rí i nígbà yẹn.

Bí mo ṣe ń lẹ èyí tó gbẹ̀yìn, iná dé. Iná, ní Ẹdẹ, láàárọ̀ Sátidé. Ṣé kí n máa wò ó ni? Tó bá tún lọ kí ọ̀gá mi tó dé ńkọ́? Mo sọ fún ara mi pé ọ̀gá á dé bá iṣẹ́ tó ti tán, á sì dì mọ́ mi. Mo tan kọ̀ǹpútà. Mi ò kí i.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ẹ̀rọ fídíò méjì wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ti ọ̀tún ló máa sọ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà á gbà á, á tún un ṣe, á wá dà á sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó wà nínú ti òsì. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì Díákónì bọ ti ọ̀tún. Bàbá yọ sójú rẹ̀, ó rù, irọ̀rí méjì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó wúkọ́, ó fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ń gbà á. Ó gbà á dé ìṣẹ́jú kẹfà tàbí keje, mo ní kó pa á mọ́. Ìgò iyanrìn.

Mo pa á, mo tún un tàn. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá wúkọ́, ó lu bẹ́ẹ̀dì, ó sọ̀rọ̀. Mo ní kó pa á mọ́. Ìgò iyanrìn. Ní ìgbà kẹta, ojú Bàbá di àwọ̀ ewé. Ní ìgbà karùn-ún, orí ẹ̀ wà nísàlẹ̀, irọ̀rí wà lókè. Ní ìgbà kẹjọ, inú mi dùn, ó fẹ́ pa á mọ́, àfi bí sọ́fúwíà yẹn ṣe lọ gbé ìkọ̀wé ìkómọ kan tí a ṣe lóṣù tó kọjá jáde, òdòdó pupa ń jábọ́ lé bàbá tó ń kú lórí, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Òógùn bò mí. Mo wo aago, aago mọ́kànlá ti lù. Ọ̀gá mi ò dé.

Nígbà tó máa fi di ìgbà kẹtàdínlógún, ẹnu mi ti ń bá ti Bàbá lọ láìmọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń kọ orin tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tó ti wúkọ́, èmi náà á wúkọ́. Ìgbà kẹtàdínlógún yẹn ni sọ́fúwíà pa á mọ́. Mo dìde, mo jó. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì jáde kí n lè fi òwú nu orí ẹ̀rọ, torí ọ̀gá mi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó da nǹkan jáde. Dúdú ni kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ìwé ìlẹ̀mọ́ra ti wọ́n, a kì í lẹ orúkọ mọ́ wọn mọ́. Mo nu ẹ̀rọ tán, mo kì wọ́n padà, mo yí wọn sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí da nǹkan sínú ti òsì. Kò pẹ́, ìgò iyanrìn tún yọ. Mo ní kò burú, ọ̀gá mi máa ń ní ká fún un láyè kó mí.

Bó ṣe ń mí lọ́wọ́ ni Kàmọ́rù yọjú. Ó fara ti ilẹ̀kùn. Àwa méjèèjì tàkúrọ̀sọ díẹ̀, ó padà síbi iṣẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni iná lọ.

Kọ̀ǹpútà kú. Nígbà tí iná tún dé ní nǹkan bí aago méjì, ohun tí sọ́fúwíà pa mọ́ ti pòórá, bí ẹni pé kò síbẹ̀ rí. Mo ní ó dáa, kásẹ́ẹ̀tì Bàbá ṣáà wà. Mo tẹ ẹ̀rọ ọ̀tún. Ọkùnrin kan tó ń ta ìpá nínú fíìmù ìjà àwọn Ṣáínà ló yọ.

Mo yí ti òsì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá yọ, ó jókòó sáàárín irọ̀rí méjì, ó ń múra àtisọ̀rọ̀. Kó tó la ẹnu, ìgò iyanrìn. Mi ò lè wò ó síwájú mọ́, mo fi ọwọ́ bo ojú. Mo ti ki kásẹ́ẹ̀tì Díákónì sí apá òsì. Ẹ̀rọ ì bá kọ̀ láti ya nǹkan lé e, tí kì í bá ṣe sẹ́lótéèpù tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ bo ihò eyín rẹ̀ láàárọ̀. Mo ya sẹ́lótéèpù yẹn kúrò nígbà yẹn, mo sọ ọ́ nù. Kí ni mo rò pé ó máa ṣe? Mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi kàn ń wá iṣẹ́ ṣe.

Mo rò ó pé kí n sá lọ sí Alájùẹ. Mo rántí pé oko Díákónì ló wà níbẹ̀. Mo rò ó pé kí n sá lọ sí Sekona, ọ̀nà yẹn gan-an ni Pijó á gbà. Mo lọ sẹ́yìn ilé lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí nǹkan kan tó jáde. Mo gbàdúrà kí ogun mìíràn bẹ́ síbì kan, kí wọ́n tètè pe Méjọ̀ padà. Ẹ ṣàánú mi, èèyàn burúkú kọ́ ni mí, ẹ̀rù ló bà mí. Ọ̀gá mi ò dé. Aago mẹ́rin ku díẹ̀, mo gbọ́ họ́ọ̀nù.

"Méjọ̀ ní kí o gbé e dání, kó o sì wọ mọ́tò," ni sójà tó ń wa mọ́tò wí. "Ìwọ fúnra ẹ lo máa wá fi hàn wọ́n."

Ní pálọ̀ ilé Díákónì, wọ́n ti to àga. Méjọ̀ wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n, kò fẹ̀yìn ti àga. Màmá ẹ̀, opó Díákónì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn. Bọ̀dá Sọjí, àbúrò Méjọ̀, dúró síbi fèrèsé, ó ká apá mọ́ àyà. Sójà tó wà mí wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Sà," mo ní, "kásẹ́ẹ̀tì yìí ní àárẹ̀ díẹ̀. Kòkòrò máa ń wọ irú wọn…"

"Fi sí i," ni Méjọ̀ wí.

Mo fi sí i. Díákónì yọ. Màmá sọ pé, "Olúwa mi o," wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá gbójú sókè, ó wo ọmọ ẹ̀ tààrà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìgò iyanrìn bo ojú ẹ̀.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ohun tí mi ò múra sílẹ̀ fún ni máìkì. Ọ̀gá mi máa ń fi máìkì kan sórí tábìlì láti fi sọ̀rọ̀ sára fídíò, a kì í yọ ọ́ lára ẹ̀rọ òsì. Ohùn Kàmọ́rù ló kọ́kọ́ jáde nínú tẹlifíṣọ̀n, kedere bíi ti oníròyìn:

"Ìwọ, sójà á gbé ẹ lónìí o."

Èmi ló dá a lóhùn, ohùn tèmi gan-an: "Sójà wo? Méjọ̀ yẹn? Bọ́ aṣọ ìjọba kúrò lọ́rùn ẹ̀, ta ló máa bẹ̀rù ẹ̀?"

"Ó ga o."

"Ikùn ńkọ́? Ikùn bí ìkòkò aró. Ogun wo ni wọ́n fi ikùn yẹn jà? Ọ̀tá á ti rí i látòkèèrè. Tí mo bá ní kó jókòó, á jókòó. Èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà, kì í ṣe òun."

Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tán bọ̀rọ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n, iyanrìn ń dà nínú ìgò. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó yíjú sí mi nínú pálọ̀. Èmi àti Kàmọ́rù ṣì wà nínú tẹlifíṣọ̀n tí à ń sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù, lórí ọmọbìnrin kan ní Òkè-Gada, lórí bí mo ṣe máa ra mọ́tò lọ́dún tó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ ò mọ bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ṣe gùn tó.

Ìgò pòórá lójijì. Bàbá padà yọ, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ẹ̀. "…bó o ṣe máa ṣe é nìyẹn," ni ó wí. "Mo ti parí. Ẹ wọlé, ẹ fún mi lómi." Ọwọ́ ọ̀gá mi wọlé sínú àwòrán, ó pa kámẹ́rà.

Bọ̀dá Sọjí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí bárékè."

Sójà ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, imú mi kan sìmẹ́ńtì. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Méjọ̀ tó ń bọ̀, ó dúró lẹ́bàá orí mi.

"Ìṣẹ́jú mélòó lo pa rẹ́?"

"Mẹ́fà, sà."

"Bàbá mi kú, wọn ò jẹ́ kí n wá. Ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Báwo ni màá ṣe mọ ohun tó sọ?"

Ibẹ̀ ni ẹnu mi, ẹnu tó kó mi síyọnu, ti là fúnra ẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n, sà. Kọ̀ǹpútà yẹn dì lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n lórí."

"Dìde," ni Méjọ̀ wí. "Sọ ọ́. Tó o bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un…" Kò parí ẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ àga, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Àkànjí, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Ilé ẹ̀yìn tí màmá ẹ ń sùn ń jò. Mo ní màá ṣe é láti ọdún mẹ́ta, páànù gbówó lórí, mi ò rí i ṣe. Bá mi ṣe é. Ṣé o gbọ́ mi? Oko Alájùẹ, àbúrò ẹ á ní kẹ́ ẹ tà á. Ẹ má tà á. Kó máa dá a, kó máa jẹ ẹ́, àmọ́ ẹ má tà á."

"Irọ́ ni," ni Bọ̀dá Sọjí wí. "Ó ń dá a sọ ni. Ta ni Bàbá bá sọ ọ̀rọ̀ títa oko?"

"Dákẹ́," ni Méjọ̀ dá a lóhùn.

Mo ń bá a lọ, ojú mi dì. "Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọ̀bọ jẹ àgbàdo wa tán? Ìwọ ni mo ní kó o ṣọ́ ọ, o sùn lọ nínú ahéré. Nígbà tí bàbá mi bèèrè, mo ní èmi ni mo sùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní."

Mo gbọ́ bí Méjọ̀ ṣe mí kanlẹ̀. Màmá bojú wò ó. "Ṣé òótọ́ ni?" wọ́n bi í. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wúkọ́ níbi tó yẹ. "Wọ́n á sọ fún ẹ pé inú ń bí mi sí ẹ. Ìrora ló ń bí mi nínú, kì í ṣe ìwọ. Ẹsẹ̀ sójà kì í ṣe ti ara ẹ̀, ibi tí wọ́n bá ní kó lọ ló ń lọ. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá jẹ́ kó o wá, wàá ti dé. Bí mo ṣe sùn lọ́jọ́ ọ̀bọ nítorí tìẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni màá sùn báyìí. Má sunkún jù."

Ibẹ̀ ló kù díẹ̀ kí n ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ní kí n fi kún un pé, "Tí ọmọ kan bá ba kásẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́, má nà án." Ó dé orí ahọ́n mi, ó dùn, ó sì bá a mu. Mo gbé e mì. Mo ní, "Bó o ṣe máa ṣe é nìyẹn. Mo ti parí. Ẹ wọlé, ẹ fún mi lómi."

Màmá fi etí ìró nu ojú. Wọ́n ní, "Òun náà ni. Ibi tó yẹ kó ti wúkọ́ gan-an ló ti wúkọ́."

Méjọ̀ ti yíjú sí ògiri, èjìká ẹ̀ ń mì. Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ìgbà yẹn, Bọ̀dá Sọjí ti jókòó sílẹ̀, ó dorí kodò.

Méjọ̀ wá yíjú padà, ó wo ikùn ẹ̀, ó wò mí. "Ìkòkò aró?"

"Ẹ dákun, sà."

Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dà pọ̀ mọ́ ẹkún. "Ṣebí mo sọ fún ẹ," wọ́n sọ fún ọmọ wọn, "pé ẹ̀bà tí wọ́n ń fún yín níbẹ̀ ti pọ̀ jù."

Kò tì mí mọ́lé. Ó ní kí n fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀kan fún ìṣẹ́jú kan, kí sójà ẹ̀ máa kà á. Ibi ìyípo kẹrin ni ọ̀gá mi ti dé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì dání, ó dúró sẹ́nu géètì, ó ń wò mí. Kàmọ́rù ti sọ ibi tí wọ́n gbé mi lọ fún un. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Méjọ̀ láti òkèèrè, bí ẹni pé òun ló ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Orí ilé ẹ̀yìn ò jò mọ́ báyìí. Bọ̀dá Sọjí ló ń dá oko. Ọ̀gá mi ní ká ya èmi fúnra mi sí kásẹ́ẹ̀tì, kí n sọ ọ̀rọ̀ Bàbá sínú kámẹ́rà, kó máa wà níbẹ̀. Méjọ̀ kọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì kankan mọ́, gbogbo ìgbà tóun bá wálé ni kí n máa wá sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tún un sọ lálaalẹ́ kí n tó sùn, kí n má baà gbàgbé ìwúkọ́ kan. Ẹni tó ń fọ́nnu pé kọ̀ǹpútà lòun mọ̀, ó ti di kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀: bí ọ̀gá bá ní jókòó, jókòó, ohun tí wọ́n bá ti ṣẹ́ eyín ẹ̀, má lẹ nǹkan kan bò ó, tí ẹ bá sì fẹ́ bú sójà, ẹ kọ́kọ́ wo orí tábìlì bóyá máìkì wà níbẹ̀. Mo lè fi rẹ́rìn-ín báyìí, hẹn, díẹ̀díẹ̀ ṣá, tí mi ò bá tíì gbọ́ họ́ọ̀nù.

Ọ̀rọ̀ sọ́fúwíà yẹn ò tíì tán, mo ṣì fẹ́ sọ bí ọ̀gá mi ṣe… Ẹ dúró. Họ́ọ̀nù Pijó nìyẹn. Wọ́n ní àná ló dé. Àkànjí, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ṣé o gbọ́ mi, ilé ẹ̀yìn… ó wà níbẹ̀, ó pé. Mò ń lọ o.